Òkúta 6 mm há mi sọ́nà ìtọ̀: dókítà ní kí n lo tamsulosin, àbúrò mi ní ìwádìí ti fi hàn pé kò ṣiṣẹ́

Àkànní Ọlọ́kọ̀
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi ni mo ṣe gbé e wá síbí. Ọkọ̀ ni mò ń wà, Ìbàdàn sí Èkó, ọdún kẹrìndínlógún rè é, ẹ̀yin náà mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, èèyàn kì í fẹ́ mu omi púpọ̀ torí èrò ò ní gbà kó o máa dúró tọ̀ lójú ọ̀nà. Ọjọ́bọ tó kọjá mo dé Ògèrè ni nǹkan kan bá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ó ta dé ẹ̀yìn, ó wá ń fà wá sísàlẹ̀ abẹ́. Mo pa ọkọ̀ tì, mo ń yí nílẹ̀, òógùn bò mí, mo ń bì. Èrò kan tiẹ̀ ní wọ́n ti ta mí lọ́fà.

Lọ́sibítù wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ya skáànù, wọ́n ní òkúta ni, 6 mm, ó ti kúrò nínú kíndìnrín, ó ti sọ̀kalẹ̀ sínú ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà lọ sápò ìtọ̀, ó kù díẹ̀ kó já ló há síbẹ̀. Dókítà kọ tamsulosin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú diclofenac, òògùn ìrora. Mo dé kẹ́mísì, ọmọbìnrin tó ń tajà wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní "Bọ̀dá, òògùn àwọn bàbá tí ìtọ̀ wọn ò já gaara mọ́ mà lèyí." Ọmọ ọdún 41 ni mí o! Mo pe àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò ṣe nǹkan kan, kí n má fowó ṣòfò. Ìyá ìyàwó mi náà ti gbé àgbo dé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ báyìí? Ẹ̀yin tó ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́ o Àkànní, Ọlọ́run á yọ ẹ́. Ewé ẹ̀yìn olobe ni kó o wá, èyí tí èso wẹ́wẹ́ máa ń tò sẹ́yìn ewé ẹ̀, àwọn kan ń pè é ní dọ̀bísówò. Sè é, máa mu ún láràárọ̀. Ẹnì kan ládùúgbò wa tọ òkúta jáde tó tó kóró ọkà bàbà. Kó o sì yéé mu mílíìkì, yéé jẹ wàrà, yéé jẹ egungun ẹja, torí kásíọ̀mù ló ń di òkúta. Èyí tí wọ́n kọ fún ẹ yẹn, gbé e jù sápá kan.

Ṣèyí Manchester
Àbúrò yín ò parọ́ o. SUSPEND lorúkọ ìwádìí yẹn, ọsibítù 24 ló dá sí i níbí, ìwé ìròyìn Lancet gbé e jáde ní 2015. Wọ́n pín àwọn tó lé ní 1,100 sọ́nà mẹ́ta, apá kan gba tamsulosin, apá kan gba nifedipine, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, apá kẹta gba ayédèrú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wọ́n ka àwọn tí kò nílò ìtọ́jú mìíràn mọ́ lórí òkúta wọn. Tamsulosin 81%, nifedipine 80%, ayédèrú 80%. Ẹ bá mi wá ìyàtọ̀ níbẹ̀. Àwọn dókítà wa kàn fẹ́ràn kí wọ́n kọ òògùn rẹpẹtẹ ni.

Àjọkẹ́
Ẹ dákun ẹ má bínú, ọsibítù ìjọba ló fún aláìsàn ní ayédèrú òògùn? Irú ayédèrú tí NAFDAC ń lé kiri ọjà?

Ṣèyí Manchester
Rárá o àǹtí, mi ò rí orúkọ tó dáa pè é ni. Kapsù ni, ó jọ ti gidi, àmọ́ kò sóògùn nínú ẹ̀. Aláìsàn ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ó lè jẹ́ òun ló máa kàn. Òògùn ìrora gidi ni wọ́n ń fún gbogbo wọn.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Ṣèyí, iye tó o kọ tọ̀nà, ibi tó o gbé e lọ ni mi ò bá ẹ lọ. Wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ìtọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án ní Leicester, ojoojúmọ́ la sì ń fa ọ̀rọ̀ yìí.

Òkúta irú èwo ni wọ́n wò? Àwọn tó pọ̀ jù nínú SUSPEND, tiwọn ò ju 5 mm. Òkúta tó kéré tó bẹ́ẹ̀ á kúkú jáde fúnra ẹ̀, o lòògùn o, o ò lòògùn o. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀pá ń ran arúgbó lọ́wọ́, tó wá lọ pín ọ̀pá fáwọn ọmọ ogún ọdún, ṣé kò ní sọ pé ọ̀pá ò wúlò? Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ nínú ti Amẹ́ríkà tó jáde ní 2018, STONE ni wọ́n pè é, èèyàn 512, òkúta wọn ní ìpíndọ́gba ò tó 4 mm. Ó jáde lára 50% àwọn tó lo tamsulosin, ó jáde lára 47% àwọn tó gba kapsù òfìfo. Ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan.

Wá wo ti Ṣáínà lọ́dún 2018 yẹn náà. Èèyàn 3,296, ọsibítù 30, òkúta 4 sí 7 mm tó ti dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ìtọ̀, ibi tí ti Àkànní wà gan-an nìyẹn. Lápapọ̀, 86% àwọn tó lòògùn ni tiwọn jáde, 79% àwọn tí kò lò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn tí tiwọn ju 5 mm sọ́tọ̀, ó di 87% sí 75%. Àwọn tí tiwọn kéré, ọgbọọgba ni wọ́n. Àwọn ará Australia ti rí nǹkan tó jọ ọ́ ní 2016, 5 sí 10 mm, 83% sí 61%, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn tiwọn ò pọ̀ tó ti Ṣáínà. Nǹkan tí wọ́n ń kà náà ò sì dọ́gba: SUSPEND ń ka ẹni tí wọn ò tún fọwọ́ kan òkúta ẹ̀ mọ́, wọn ò dá gbogbo èèyàn padà sábẹ́ skáànù CT láti rí i pé òkúta ti lọ lóòótọ́. Ìdí nìyí tí NICE, àwọn tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún wa níbí, fi ṣì ní kí dókítà ro ti irú òògùn yìí fún òkúta ìsàlẹ̀ tí kò tó 10 mm. Dókítà Àkànní mọ ohun tó ń ṣe.

Àkànní, ọmọ kẹ́mísì ò ṣìsọ, òògùn àwọn bàbá ni lóòótọ́. Ó ń dẹ iṣan ni, iṣan tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ìtọ̀ sì ń gbọ́ sí i lẹ́nu. Àmọ́ ọlọ́kọ̀ ni ẹ́ o! Òòyì máa ń kọ́ àwọn mìíràn tí wọ́n bá dìde lójijì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni kó o máa lò ó, má sì gbé èrò láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ títí wàá fi mọ bó ṣe ń ṣe ẹ́. Bó o bá sún mọ́ ìyàwó tí nǹkan ò jáde, má pariwo, òògùn ni, tó o bá dá a dúró á padà. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, bí ara ẹ bá gbóná, tó ò ń gbọ̀n, tàbí ìtọ̀ ò wá rárá, kúrò lórí fóònù, ọsibítù lóru ọjọ́ yẹn gan-an. Ìtọ̀ tó há tí kòkòrò wá wọ̀, kì í fi wákàtí púpọ̀ ṣeré.

Bàbá Tòlú
Mo wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rí. 2012, mo ń ka másítà nílùú òyìnbó, owó ilé ò tíì pé, òkúta dé. 4 mm péré o, àmọ́ mo pe ìyá mi tó ti kú. Ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì kan gbé ìwé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣàlàyé fún bí ìdajì wákàtí, ó ní kí n lọ rò ó, mo lè kọ̀, kò sẹ́ni tó máa dájú kodò sí mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kọ̀ǹpútà ló ń yan ẹni tó máa gba èyí tàbí ìyẹn, dókítà tó ń wò mí gan-an ò mọ̀ ọ́n. Kapsù kan náà, àwọ̀ kan náà. Mo tiẹ̀ tú ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó korò díẹ̀, mo ní hẹn-ẹn, òògùn gidi rèé. Ìyàwó mi ní àbí chalk nìyẹn.

Ọjọ́ kẹsàn-án òkúta jáde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ kapsù yẹn dọ́ba. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òmíràn tún dé lẹ́yìn oṣù kẹta. Dòní olónìí mi ò mọ èyí tí mo lò. Àmọ́ lẹ́yìn tí mo gbọ́ pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó gba òfìfo náà bọ́, mo ti dá ọpẹ́ yẹn dúró ná.

Ọmọ Sábó Kánò
Ẹ̀ ń gbé ìwádìí gẹ̀gẹ̀. Èmi, Sábó'n Gàrí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. 1996 tí àrùn ọrùn gan ń pa ọmọdé bí ẹni pa eṣinṣin, Pfizer gbé òògùn kan tó ń jẹ́ Trovan dé, wọ́n fi dánwò lára àwọn ọmọ bí 200, mọ́kànlá kú, àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni, ìtọ́jú làwọn rò pé àwọn gbà. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìjọba Kánò yanjú ẹ̀ lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹ má wá sọ fún mi nípa fọ́ọ̀mù.

Bàbá Tòlú
Mo gbọ́ ẹ, àbúrò, ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Kìkì pé kì í ṣe mọ́kànlá lára àwọn tó gba Trovan. Márùn-ún nínú wọn ló gba Trovan, mẹ́fà gba òògùn kejì tí wọ́n fi ń wé e, ilé iṣẹ́ náà sì ní àrùn ló pa wọ́n. Èyí tó ká mi lára ni ti àwọn òbí tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ fáwọn èèyàn mi pé bí wọ́n bá pè yín sí ìwádìí nílé tàbí lẹ́yìn odi, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ní Yorùbá, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìwé yẹn mú lọlé, kí wọ́n sọ ẹni tó máa sanwó ìtọ́jú tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ní Nàìjíríà báyìí NAFDAC àti ìgbìmọ̀ tó ń wo ẹ̀tọ́ aláìsàn gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ yẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fajú ro nítorí pé o béèrè, kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní São Paulo
Mo ń rẹ́rìn-ín torí ẹ̀yìn olobe tí Ìyá Ìbejì dá. Níbí, quebra-pedra ni wọ́n ń pè é, afọ́kúta. Inú sélòfíìnì ló máa ń wà lọ́jà, ìyá arúgbó tó ń tà á ní tòun ń fọ́ òkúta kíndìnrín, ó ń fọ́ ti òróòro, ó tiẹ̀ ń fọ́ ọkàn líle. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀yìn olobe tiwa ni, Phyllanthus niruri lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, tiwa ni amarus, wọ́n jọra débi pé wọ́n máa ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Wọ́n ti ṣe ìwádìí ẹ̀ o, Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn níbí gan-an ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tí mo kà fúnra mi ti Ítálì ni, 2006, èèyàn 150 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fọ́ òkúta wọn, wọ́n wá fún àwọn kan ní ewé yìí fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Lápapọ̀ ìyàtọ̀ tó wà ò tó èyí tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà, àyàfi àwọn tí òkúta wọn wà ní ìsàlẹ̀ kíndìnrín, ìyẹn ló ràn lọ́wọ́ gidi. Ẹ rántí pé àwọn tí wọn ò fún léwé ò gba kapsù òfìfo kankan, ẹni tó lò ó mọ̀ pé òun lò ó. Ẹ sì rántí pé ẹ̀rọ ti fọ́ ọ ná! Kò sẹ́ni tó fi hàn níbẹ̀ pé ewé nìkan lè fọ́ òkúta 6 mm tó ti há sọ́nà. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi.

Ìyá Ìbejì
Mi ò bínú. Ẹni tó tọ òkúta ládùúgbò wa, ṣé àlá ni mo lá?

Nọ́ọ̀sì Bísí
Kì í ṣe àlá, mà. Ó tọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ká ní kò mu nǹkan kan ńkọ́?

Ti mílíìkì ni mo fẹ́ bá yín fà díẹ̀, torí ohun tí àwọn dókítà àtijọ́ gan-an ń sọ nìyẹn kó tó di 2002. Àwọn ará Ítálì mú ọkùnrin 120 tí òkúta ti ń padà wá bá. Ìdajì ń jẹ oúnjẹ tí kásíọ̀mù ẹ̀ kéré gan-an, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìdajì kejì ń jẹ kásíọ̀mù bó ṣe yẹ, àmọ́ wọ́n dín iyọ̀ àti ẹran kù. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, òkúta padà wá bá 23 nínú 60 àwọn tó sá fún kásíọ̀mù, 12 péré nínú 60 àwọn kejì. Ìdí ẹ̀ ni pé kásíọ̀mù inú oúnjẹ máa ń di oxalate, èròjà kan tó wà nínú oúnjẹ, mú nínú ìfun, wọ́n á jọ bá ìgbẹ́ jáde. Tó o bá lé kásíọ̀mù lọ, oxalate á ráyè wọ inú ìtọ̀, òun ló sì ń para pọ̀ di òkúta. Nítorí náà wàrà ò ṣẹ̀. Mágí àti iyọ̀ àti ẹran tí Àkànní ń rà ní gáréèjì, ká lọ bá ìyẹn.

Ajíbọ́lá
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀. Bàbá mi ti ń lo hydrochlorothiazide láti 2016 torí òkúta, dókítà ní kì í jẹ́ kó padà. Ṣé òun náà ti di òògùn ayédèrú báyìí?

Ṣèyí Manchester
Switzerland ti dá ìyẹn wò. NOSTONE, 2023, èèyàn 416, òòyà mẹ́ta ni wọ́n fi wé òfìfo: 12.5, 25 àti 50 mg. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Òkúta padà wá bá 59% àwọn olófìfo, 59% àwọn tó lo 12.5, 56% àwọn tó lo 25, 49% àwọn tó lo 50. Wọ́n ní kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn. Pọtáṣíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, gáòtù tó ń mú oríkèé wú, àti àtọ̀gbẹ tuntun sì pọ̀ lára àwọn tó lò ó ju àwọn olófìfo lọ.

Nọ́ọ̀sì Bísí
"Òòyà mẹ́ta" kẹ̀, Ṣèyí! Ìwọ̀n ni, má fi tẹlifóònù kọ̀wé nínú bọ́ọ̀sì mọ́ 😂. Ajíbọ́lá, bàbá yín ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra wọn o, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn náà ló ń bá wọn mú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọn mọ̀ ná.

Àkànní Ọlọ́kọ̀
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tamsulosin, alẹ́ kẹfà rèé, òòyì kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo fi ọkọ̀ lé àbúrò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìrora tún ká mi mọ́ lóru àná. Ẹnì kan ní kí n bẹ̀ dókítà fún mọfíìnì, pé diclofenac ò tó. Mo sì ti mu omi lítà mẹ́rin lójúmọ́ kan kó lè tì í jáde, ikùn mi fẹ́ bẹ́.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Rọra pẹ̀lú omi. Omi àmujù kì í ti òkúta tó há, ó lè dá kún ìrora ni. Mu tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ó tó fún báyìí. Ìgbà tó bá ti jáde tán lomi di dandan: ìwádìí kan ti 1996, ọdún márùn-ún, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa mu omi tí ìtọ̀ wọn á fi kọjá lítà méjì lójúmọ́, 12 nínú 99 ló padà sí lára, àwọn tí wọn ò sọ nǹkan fún, 27 nínú 100. Omi o, kì í ṣòògùn! Kò sówó ńbẹ̀.

Ti mọfíìnì, wọ́n dá a wò ní Doha, ní Qatar, 2016, èèyàn 1,645 tí òkúta ń gún. Láàárín ìdajì wákàtí, ìrora dín sí ìdajì lára 68% àwọn tó gba abẹ́rẹ́ diclofenac, 66% àwọn tó gba paracetamol látinú iṣan, 61% ti mọfíìnì. Nítorí náà abẹ́rẹ́ diclofenac ló dáa jù. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa ló gbọ́dọ̀ sá fún un, torí náà má máa rà á mu fúnra ẹ kọjá èyí tí dókítà kọ.

Àjọkẹ́
Mínírà dúdú tí wọ́n fi ń jẹ gálà lójú títì ńkọ́?

Ṣèyí Manchester
Ìyẹn náà ti wọ ìwádìí rí, Amẹ́ríkà, 1992, ọkùnrin 1,009. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fi mínírà sílẹ̀, òkúta ò padà sí wọn lára tó ti àwọn tó ń mu ún, ìyàtọ̀ náà kàn kéré ni, àwọn tó ń mu èyí tó dúdú, tí ásíìdì phosphoric wà nínú ẹ̀, ni ìyàtọ̀ yẹn sì hàn lára wọn.

Àkànní Ọlọ́kọ̀
Kí ló tún wá kù tí mo lè jẹ báyìí?

Bàbá Tòlú
Ẹ̀kọ àti omi 😀. Bó bá wá kọ̀ tí kò jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, má jẹ́ kó pẹ́ síbẹ̀, kíndìnrín tó ń tì í lẹ́yìn máa ń jìyà. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ́ ọ láti ìta, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Munich ní 1980, àwọn tó ń ṣe bàálù ló ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún, ẹ ò rí nǹkan. Tàbí kí wọ́n ki túùbù tó ní kámẹ́rà gba ojú ara wọlé lọ mú un. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pè ní TISU fi àwọn méjèèjì wéra lára èèyàn 613: 22% àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fọ́ tiwọn ló tún nílò ìtọ́jú mìíràn, ti túùbù 10%. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í sábà fẹ́ kí wọ́n kun èèyàn lóorun. Béèrè èyí tó wà nílé àti iye tó jẹ́ kó o tó yàn.

Àkànní Ọlọ́kọ̀
Ẹ bá mi yọ̀ o!!! Ọjọ́ kẹtàlá. Ìdájí òní mo ń tọ̀ sínú asẹ́ tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa lò, mo gbọ́ kó! Ó dúdú, ó rí gálagàla bí ẹ̀rún gílóòbù, mo ti wé e sínú bébà, dókítà ní kí n gbé e wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàbù. Ìrora ti lọ bí ẹni pé kò wá rí. Kí n má parọ́ fún yín, mo mu àgbo ìyá ìyàwó mi ní kọ́ọ̀bù méjì lọ́jọ́ kẹwàá, torí kí ilé lè tòrò.

Ìyá Ìbejì
Mo wí bẹ́ẹ̀!

Nọ́ọ̀sì Bísí
Tamsulosin ọjọ́ mẹ́tàlá, kọ́ọ̀bù méjì. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣàánú mi.

Ṣèyí Manchester
Ẹ̀yin méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti fẹ́ jáde tẹ́lẹ̀ ni o. Ẹyọ èèyàn kan ò lè fi hàn.

Àkànní Ọlọ́kọ̀
Ẹ máa jà á lọ. Èmi ń padà sí gáréèjì lọ́la, mo ti ra kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ síà, mo sì ti sọ fún kọ́ńdọ́ pé a ó máa dúró ní Ṣágámù. Èrò tó bá ń kánjú kó wọ ọkọ̀ tó wà níwájú.